Ọ̀gá Àga Ṣì Ń Gbọ́ Orin

Ọdún márùn-ún rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, Bàbá, kò sì sí ohun tó bọ́ lọ́wọ́ wa. Àkọ́bí yín fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, nígbà tí a jókòó ti tíì, ó fọwọ́ sọ̀yà. Ó ní gbogbo ohun tí ẹ gbé sílẹ̀ pátá ni òun ti gbé dé ibi tó yẹ kó dé, ó ku ẹyọ kan, ẹyọ kan náà ò sì ju iṣẹ́ àtàǹpàkò lọ. Ó ní kí tíì tó tutù, òun yóò ti parí rẹ̀.

Tíì náà tutù. A tún un gbé kaná, ó tún tutù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ròyìn ayọ̀, torí òun ló pọ̀ jù. Òkè ilé tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ti parí. Gíláàsì ti wọ gbogbo ojú fèrèsé tí ẹyẹ ń gbà wọlé nígbà náà. Ẹyẹ kan ṣì ń wá forí sọ ọ́ láràárọ̀, ó jọ pé wọn ò tíì sọ fún un. Ọmọ yín obìnrin ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ tó ti ń tún fóònù ṣe, Onífóònù là ń pè é báyìí. Ọmọ-ọmọ yín tó jẹ́ pé orí àyà yín nìkan ló ti ń sùn ti mọ̀wé kà, ó sì ti ń bá wa jiyàn. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣoṣo tí ẹ fi ń rán awọ àga ti bí ẹ̀rọ méjì lé e. Àkọ́bí yín ra ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì kọ ỌMỌ Ọ̀GÁ ÀGA sí i lẹ́yìn gàdàgbà, débi pé ẹni tó bá sáré gbá a kò ní lè sọ pé òun ò rí i.

Ọ̀gá Àga! Ta ló ra àga lọ́wọ́ yín tí kò gbọ́ orúkọ náà? Bí ojú bá ń kán oníbàárà, ẹ ó gbórí sókè níbi tí ẹ ti ń kan ìṣó, ẹ ó ní, "Ẹ ṣe sùúrù. Ọ̀gá Àga kò tíì fọwọ́ sí i." Oníbàárà á rẹ́rìn-ín, á ní ọkùnrin yìí mà ka ara rẹ̀ sí o, ó ń pe ara rẹ̀ bí ẹni ń pe ẹlòmíràn. Tó bá di ọjọ́ kejì, àga á jáde. Kò ní ké, kò ní mì.

A ò sì gbàgbé ìlànà yín. Àga kan ò gbọdọ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tí Màmá ò bá tíì jókòó sí i fún odindi orin kan. Torí ẹ̀ ni sípíkà ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù. Màmá á ti ilé wá, wọ́n á jókòó, orin á bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin á sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì ìgé-awọ, ẹ ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé tó ń retí èsì ìdánwò. Bí orin bá parí tí nǹkan kan ò ro Màmá, àga ti yege nìyẹn. Àwa rò pé ẹ kàn ń kẹ́ ìyàwó yín ni.

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, Màmá ò wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Àkọ́bí yín ní ká fi wọ́n sílẹ̀, kí ibẹ̀ má baà máa dá ọgbẹ́ sí wọn lọ́kàn. Àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń yẹ àga wò báyìí: á gbá a lẹ́ẹ̀mejì, á ní, "Ó ti dáa." Orin nìkan ni kò dáwọ́ dúró. Lójoojúmọ́ tó bá ti ṣílẹ̀kùn, tó fọwọ́ kan fóònù ńlá tó wà lára ògiri, áàpù orin á kí i: Káàbọ̀, Ọ̀gá Àga. Orúkọ yín ló ṣì wà lórí àkáǹtì náà láti ọjọ́ yìí wá. Ta ló ń san owó rẹ̀? A ò bèèrè. A ní bí a ṣe mọ̀ yín, ẹ ti san án sílẹ̀ dé ọ̀run.

Orúkọ orí áàpù yìí ni ẹyọ kan tó kù, tí àkọ́bí yín ní òun máa yí. Kí ló wá dé tó fi gbọdọ̀ yí? Màdáámù kan ló dé. Wọ́n ń kọ́ ilé ìtura tuntun, wọ́n sì fẹ́ àga tó máa kún ilé oúnjẹ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn. Ṣọ́ọ̀bù yín ò rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Màdáámù wo àga àpẹẹrẹ tí àkọ́bí yín ṣe, wọ́n gbójú sókè wo fóònù ara ògiri, wọ́n rí ohun tó wà lójú rẹ̀: Ọ̀gá Àga ń gbọ́ orin.

"Ọ̀gá Àga dà?"

"Èmi rèé, mà."

"Ìwọ kọ́. Ohun tí mo gbọ́ ni pé àga kì í jáde níbí àfi tí Ọ̀gá Àga bá fọwọ́ sí i. Ìwọ, mo rí ọ tí o gbá a lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń gbá ẹṣin. Lọ pe ọ̀gá ẹ. Mò ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀."

Bàbá, ọ̀rọ̀ yẹn dun ọmọ yín ju ìṣó abẹ́ èékánná lọ. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn láti ọdún márùn-ún, òun ló ń tì í, wọ́n wá ní kó lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Ohun tó ń wá kò pọ̀: kí ẹni tó bá wọlé rí orúkọ tirẹ̀ lára ògiri, kó sì mọ̀ pé òun ló ni ibẹ̀. Bí Màdáámù bá dé lọ́jọ́ Ẹtì tí wọ́n tún bá Ọ̀gá Àga níbẹ̀, iṣẹ́ ti lọ, iyì ti bá a lọ. Ìdí rèé tó fi yọ fóònù ńlá náà lára ògiri gbé wá sídìí tíì.

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀," Onífóònù ní. "Orúkọ ọkọ Màmá ni o. Wọn ò gbọdọ̀ gbọ́."

Màmá wà lókè, wọ́n ti ki ohun ìgbọ́rin bọ etí bí wọ́n ṣe ń ṣe láràárọ̀. Bí ilé wó, wọn ò ní gbọ́.

Àkọ́bí yín bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó wá inú àkáǹtì lọ, ó rí orúkọ kan tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà kìkì, bí ẹni pé adìẹ ló rìn kọjá lórí fóònù. Ó tẹ̀ ẹ́, kò mira. Ó kọ̀wé sí àwọn tó ni áàpù. Kíá ni èsì dé: "Ẹ ǹ lẹ́ o, Ọ̀gá Àga. Orúkọ yẹn kò ṣeé yí padà." Ó kọ ọ́ padà pé òun kọ́ ni Ọ̀gá Àga, pé ohun tó gbé òun wá gan-an nìyẹn. Wọ́n ní, "Ó yé wa dáadáa, Ọ̀gá Àga."

Ìgbà náà ni Onífóònù gbé ife sílẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá mi, orúkọ méjì ló wà níbẹ̀. Èyí tí ẹ ń bá jà yẹn, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn ni, kì í yí. Èyí tí ayé ń rí lẹ ń wá. Ẹ tẹ àwòrán yẹn. Ẹ tẹ ibi àtúnṣe. Ẹ kọ èyí tó wù yín, ẹ fi pamọ́."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan. Ẹ sì ti fọwọ́ sọ̀yà tán."

Ó kọ Ọ̀GÁ TUNTUN. Ó fi pamọ́. Orúkọ yí. Ó jó yí tábìlì ká, ó ní, "Àtàǹpàkò kan, mo wí!"

Lọ́jọ́ kejì ó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó gbé fóònù padà sára ògiri, ó fọwọ́ kàn án. Káàbọ̀, Ọ̀gá Àga.

Ó ní bóyá òun ò fi pamọ́ dáadáa ni. Ó yí i padà. Ní Ọjọ́rú, Ọ̀gá Àga ti dé. Ó yí i padà, ó lọ gbé fóòmù àga, kó tó dé, Ọ̀gá Àga ti ń gbọ́ orin. Ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í ba ẹni tí kì í bẹ̀rù. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, ó ń ṣí fìlà kó tó wọlé, ó ń wo sípíkà, ó ń ní, "Ẹ káàárọ̀, sà."

A ránṣẹ́ pe àbúrò yín, Bàbá Kékeré, ẹni tí ọ̀rọ̀ ò tíì rú lójú rí láyé. Bàbá Kékeré yí sípíkà náà po, wọ́n fimú fín in.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo mọ ìwà ẹ̀. Kò jẹ́ kí n wọ bàtà ẹ̀ rí."

"Bàbá Kékeré, sípíkà mà ni."

"Ibo lo wá fẹ́ kó gbà wọlé? Fèrèsé? Ṣé ẹ ò ti fi gíláàsì dí gbogbo ẹ̀?"



Bó ṣe di òní nìyẹn, ọjọ́ tí ó pé ọdún márùn-ún, ọjọ́ Ẹtì tí Màdáámù dá. Gbogbo wa péjọ sí ṣọ́ọ̀bù. A mú Màmá wá. Wọ́n wọlé, wọ́n wo tábìlì ìgé-awọ, wọ́n sì wo àlàfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àkọ́bí yín dúró síwájú àwòrán yín tí a kọ Ọ̀GÁ ÀGA sí nísàlẹ̀, ó sì ká fìlà mọ́wọ́.

"Bàbá, mo ti gbọ́," ó ní. "N kò ní fọwọ́ kan orúkọ yín mọ́. Bí Màdáámù bá dé, màá sọ fún wọn pé ẹ̀yin lọ̀gá, ọmọ iṣẹ́ yín ni mí. Tí ìyẹn bá lé wọn lọ, kí wọ́n máa lọ."

Onífóònù ti ń nu ojú. Bàbá Kékeré ní, "Orúkọ rere ò ṣeé pa rẹ́," wọ́n tún un sọ kó lè dùn sí i.

"Orúkọ ta ni?" Màmá bèèrè.

"Orúkọ Bàbá ni, mà. Ọ̀gá Àga."

"Bàbá yín kọ́ ni Ọ̀gá Àga. Èmi ni."

Orin ń lọ nínú sípíkà. Òun nìkan ló mọ ohun tó kàn láti ṣe.

Màmá mú fóònù wọn jáde nínú báàgì. "Ìwọ lo wá ń kọ Ọ̀gá Tuntun sórúkọ mi láti ọjọ́ yìí? Mo rò pé fóònù yìí ti ń ṣarán ni. Mo pa á rẹ́, ó tún hù. Èmi ni mo ṣí àkáǹtì yìí, èmi ni mò ń san án. Bí bàbá yín bá kan ìṣó tán, á ní, Ọ̀gá Àga, ẹ wá jókòó, ẹ sọ ibi tó kù sí. Bàbá yín tí kò fẹ́ràn orin. Ó ń fara dà á ni."

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Ẹ bi mí rí?"

"Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Kí ló dé tí ẹ ò wá mọ́?"

"Ta ló pè mí wá jókòó?"

Bàbá Kékeré wo ilẹ̀ bí ẹni tí owó ẹyọ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ẹ rí i báyìí: ọdún márùn-ún gbáko là ń fi oríkì ìyàwó yín kí yín. Oríkì náà wà lábẹ́ àwòrán yín, ẹ sì ń rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀ bí ẹni tó mọ̀. Ẹyọ ohun kan ló sọ òótọ́ nínú gbogbo ohun tí a kọ, ọkọ̀ akẹ́rù. Àkọ́bí yín yọjú wò ó níta, Ọmọ Ọ̀gá Àga, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun ò ní pa á rẹ́ láéláé.

Ẹnu ẹ̀rín yẹn ni Màdáámù bá wa. "Ta ni Ọ̀gá Àga níbí?"

Gbogbo wa nawọ́ sí Màmá.

Àkọ́bí yín gbé àga àpẹẹrẹ náà síwájú ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá Àga, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó." Màmá jókòó. Orin tuntun bẹ̀rẹ̀. Ọmọ yín sì rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì ìgé-awọ, ibi tí ẹnikẹ́ni ò tíì dúró sí láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

A rí yín níbẹ̀, Bàbá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ tó báyìí tí ẹ sì gbé ipò ọ̀gá fún ẹlòmíràn. Ààyè yín tó ṣófo ṣì ń dùn wá nínú ilé, lókè tó ti parí, nídìí tíì tó tutù. A fẹ́ràn yín lánàá, a fẹ́ràn yín lónìí, a ó fẹ́ràn yín títí tí iyàn jíjà á fi sú ọmọ-ọmọ yín. Màdáámù pàápàá, tí kò mọ̀ yín rí, ti yọ áńkáṣíìfù.

Orin parí. Màmá dìde, wọ́n tún aṣọ wọn ṣe, gbogbo wa tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ tó máa ti ẹnu wọn jáde.

"Ẹsẹ̀ kan kúrú."