Alhaji Samsudeen Ládòkun, Ẹni tí Oògùn Oorun Sé Èémí Mọ́ Lọ́fun

Ìdílé Ládòkun, ní Àgọ́-Àrẹ, ni a bí Alhaji Samsudeen, baba wa, sí ní ọdún 1957. Oyèlékè, baba wọn, jẹ́ àgbẹ̀. Màríámù, ìyá wọn, ń ta èlùbọ́. Alhaji kéwú, wọ́n sì parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1982 ni wọ́n gbé Àwáwù, ọmọ Ṣakí, níyàwó. Iṣu oko wọn ń dé Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ fi wọ́n jẹ alága ní 2014. Wọn kì í pa ìrun jẹ.

Láti 2019 ni ìhanrun wọn ti ń da ilé rú. Bó bá lọ sókè, yóò dá wáí, Baba kò ní mí mọ́. Ìyá wa yóò jí wọn, yóò yí wọn sí ẹ̀gbẹ́, èémí yóò sì padà. Lọ́sàn-án, oorun ń gbé wọn ní mọ́ṣáláṣí, àní lórí ọ̀kadà. Àwọn ọ̀rẹ́ ń ṣe yẹ̀yẹ́: "Àlàájì, Lèmọ́mù kò tíì parí wáàsí, ẹ ti ń fi ìhanrun ṣe àmín!"

Kàdírì, àbúrò wọn, kò rẹ́rìn-ín. Nínú ilé wa, àrífín ni kí a jí àgbà lójú oorun.

"Ìyá Misturat, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi sinmi!" ló sọ fún Ìyá wa.

"Ọkọ mi, n kò jí ẹni tó sùn. Ẹni tí kò mí ni mo jí."

Kàdírì mú Baba lọ sọ́dọ̀ Festus, tó ń ta oògùn lójú pópó. "Ẹ lo méjì, Àlàájì. Ẹ ó sùn fọnfọn."

Ní 2024, Misturat, àkọ́bí wọn, mú wọn lọ sí Ìbàdàn. Dókítà ṣàlàyé pé ọ̀fun Baba ń dẹ̀, ó sì ń dí, bí wọ́n bá ti sùn. Oògùn oorun ń mú un dẹ̀ sí i ni. Ó ní àwọn onímọ̀ ṣì ń dán hóró oògùn tí yóò di iṣan ọ̀fun mú wò. Kí Baba jáwọ́ nínú ti Festus, kí wọ́n máa lo ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú. Baba gbà. Kàdírì bú sẹ́rìn-ín: "Ṣé táyà ni ẹ̀gbọ́n mi ni?"

Ẹ̀rọ náà kò tíì dé nígbà tí Ramadan 2025 wọlé. Kàdírì lé Ìyá wa lọ sí yàrá àwọn ọmọ, ó sì fi oògùn Festus lé Baba lọ́wọ́. Àárẹ̀ ti mú Baba. Wọ́n gbé e mì. A pè wọ́n fún sààrì, wọn kò dáhùn.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀!" ni Kàdírì wí. "Oorun gidi rèé."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara Baba ti tutù.

Wọ́n fi Alhaja Àwáwù sáyé, àti Misturat, Débọ́lá, Fàrídà, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ. Ẹ má ṣe sọ fún wa pé àkókò ló tó. Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí, a gbà; ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ló lé Ìyá wa kúrò ní yàrá. Ẹ̀yin tó wá síbi fídáù yìí, bí ìhanrun ẹnikẹ́ni nílé yín bá dákẹ́ lójijì, ẹ jí i. Bó bá jí tó bínú sí yín, ó ti mí nìyẹn.

Baba wa, kí Ọlọ́run mú sàréè yín gbòòrò. A kò ní ní kí ẹ sùn re. Ẹ mí kanlẹ̀ o.