Ògiri Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Yábàá

Oṣù Kẹfà, 1975

Àṣàbí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Olúwa tí kò jẹ́ kí o sọnù láàárín èrò Tejúoṣó kò ní jẹ́ kí o sọnù nínú ìwé rẹ. Èmi, ìyá rẹ àti ewúrẹ́ wà ní àlàáfíà, àfi pé inú ń run ewúrẹ́, n ó sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní àwọn lẹ́tà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, tí wọ́n máa ń yípo láti Èkó dé Jọ́ọ̀sì dé Kánò kí wọ́n tó wá parí sínú àpótí páànù mi, kí n ṣí wọn sílẹ̀, kí n tò wọ́n ní ọdún sí ọdún, kí ẹnikẹ́ni lè rí èyí tó ń wá láìbẹ̀ mí. Òótọ́ ni, torí bí ènìyàn bá fẹ́ ka ẹyọ kan, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wá kọ́kọ́rọ́. O ní èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ti Oyèníran, tó fi yọ̀ǹda ilẹ̀ rẹ̀ fún ilé ìgbẹ̀bí ní 1968, torí láti ìgbà tó ti kọ́lé sí Sùúrùlérè ló ti ń sọ pé òun kò fún ẹnikẹ́ni nílẹ̀, ẹgbẹ́ yóò sì parí ọ̀rọ̀ náà ní Sátidé tó ń bọ̀.

Ọmọ mi, mo ṣí wọn sílẹ̀! Mo gbé ògì tí ìyá rẹ fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ kaná, mo rò ó títí ó fi ki, mo sì lẹ gbogbo lẹ́tà mọ́ ara ògiri níta, láti ẹnu ọ̀nà tíí ṣe 1959 yí ká dé ẹ̀yìnkùlé. Kò sẹ́ni tó ń bi mí ní kọ́kọ́rọ́ mọ́. Múrítàlá aládùúgbò wa dúró níbi 1966, ó rí ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kọ ọ́ pé ọ̀lẹ ni, kò kí mi láti ìjẹta. 1961 nìkan ni kò sí mọ́. Ìsàlẹ̀ ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́, ewúrẹ́ sì fẹ́ràn ògì.

Ohun tí n kò rò ni pé ìwé ní ẹ̀yìn. Iwájú lẹ́tà Oyèníran, ìkíni àti ọ̀rọ̀ iṣu ló kún ibẹ̀. Ẹ̀yìn ni ilẹ̀ àti ìbuwọ́lù rẹ̀ wà, ẹ̀yìn ọ̀hún ló sì lẹ̀ mọ́ ògiri. Mo ta omi sí lẹ́tà Gertrude, ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Jọ́ọ̀sì, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti fi dán an wò, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣàn wálẹ̀. Ìyá rẹ ní orí mi kò pé. Mo bá pe Ambrose bíríkìlà, ó fi àdá gé ibi tí lẹ́tà Oyèníran wà kúrò lára ògiri amọ̀ wa, ó tó Bíbélì orí pẹpẹ. Kò gba kọ́bọ̀, torí orí kẹ̀kẹ́ ni ìyàwó rẹ̀ bímọ sí lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́ lóṣù tó kọjá.

Saidat, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ń gbé e bọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ gààrí. Má jẹ́ kí omi kàn án. Bí ìpàdé bá parí, gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ tí o ní ó ń bí ìbejì fún ìwé, kí gbogbo ọmọ ìlú lè ní tiwọn. Sọ fún ẹni tó ni ín pé kí ó jẹ́ kó lanu dáadáa, kí o sì sàmì sí èyí tó bá jẹ́ Kẹ́yìndé, torí òun ni ẹ̀gbọ́n.

Jọ̀wọ́, fi owó àpò sìmẹ́ńtì kan ránṣẹ́. Ihò náà kọjú sí ibùsùn wa, ẹni tó bá wá ka 1968 ń kí wa ẹ kú oorun.

O ní o ti lọ sípàdé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀yìn lo ń jókòó sí, o kò lè lanu, kò sì sẹ́ni tó bi ọ́ lórúkọ. Má ha amọ̀ náà nílé o. Fi ṣíbí ha á títí ìbuwọ́lù ẹ̀yìn ìwé yóò fi yọ níwájú gbogbo wọn, lójú Oyèníran fúnra rẹ̀, kó má baà sọ pé ìwọ lo kọ ọ́. Ọmọ mi, ẹni tó bá gbé ògiri wọ ìpàdé, wọn yóò bi í lórúkọ. Sọ ọ́ sókè. Sọ orúkọ tèmi náà mọ́ ọn.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ohùn.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ń ti orí ibùsùn wo ojú ọjọ́,
Ìbíkúnlé.