Kíndìnrín Kan Tó Ń Dá Ru Sìmẹ́ńtì

                                        Yàrá Òkè Ilé Ìfọṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀,
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà.

Àbúrò mi Adúmáadán,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń rí oorun sùn? Ọ̀gá Kékeré ńkọ́, ṣé ó ṣì ń fi igbe jí gbogbo àdúgbò? Ara wa le níbí o. Ooru áyọ́ọ̀nù nìkan ló ń bá mi fínra, ìyẹn kì í sì í ṣe àlejò mọ́.

Ibi iṣẹ́ ni lẹ́tà rẹ ti bá mi. Mo kà á dé ibi tí o ti ní o kò pọ̀n ọmọ rẹ rí láti ìgbà tí wọ́n ti sọ fún ọ pé kíndìnrín kan ṣoṣo ló gbé wáyé, kí ọ̀já má baà fún ẹyọ kan náà pa. Ó dùn mí dé eegun. Òórùn jíjó ló jí mi: mo ti gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà.

O ní ẹ̀bi rẹ ni. O ní bóyá kẹ̀kẹ́ tí o ń gùn lọ síbi iṣẹ́ ni, àbí ẹ̀gbẹ́ kan tí o máa ń fi sùn. Aládùúgbò rẹ sì ní omi yìnyín tí o ń mu ni. Omi yìnyín! Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ta ni ìbá ní kíndìnrín kankan nínú ilé wa?

Ṣebí ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ pé dókítà ti bi ọ́ láwọn ìbéèrè tó kan ọ̀rọ̀ náà: ṣé o ti ní ìtọ̀ ṣúgà kí o tó lóyún, ṣé o lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí oògùn mìíràn tó le, ṣé o mutí tàbí o mu sìgá. Rárá lo fi dáhùn gbogbo rẹ̀. Nígbà tó wá bi ọ́ bóyá irú rẹ̀ wà nínú ìdílé, o ní o kò mọ̀. Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lọ bá Bàbá.

O mọ bàbá wa. Wọ́n fi iṣẹ́ bíríkìlà tọ́ wa dàgbà, wọn ò sì jẹ́ kí dókítà kankan fọwọ́ kan àwọn rí. Nígbà tí mo ní ká lọ yẹ kíndìnrín wọn wò, wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ lọ ṣe nílé ìwòsàn nígbà tí nǹkan kan ò ṣe àwọn. Mo ní torí Ọ̀gá Kékeré ni. Wọ́n nawọ́ mú fìlà wọn, wọ́n ní ká máa lọ.

Ká ní o wà níbẹ̀! Nígbà tí obìnrin tó ń yàwòrán inú da nǹkan tútù yẹn sí wọn níkùn, wọ́n fò sókè bí ọmọdé tí wọ́n ń wẹ̀ lówùúrọ̀. Obìnrin náà wá apá ọ̀tún, ó wá apá òsì, ó ní kí wọ́n yí padà, ó tún wá. Bàbá ní, "Ọmọ mi, ṣé nǹkan sọnù ni?" Ó lọ pe dókítà. Dókítà wò ó pẹ́, ó wo ara Bàbá bóyá àpá iṣẹ́ abẹ wà níbẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ló bá ní ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ní, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn.

Bàbá fọwọ́ pa ikùn wọn. Wọ́n wá ní, "Ẹyọ kan yìí ló ti ń dá ru sìmẹ́ńtì látọjọ́ yìí, tí kò sì kùn?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Dókítà ní òun kò lè búra pé ibẹ̀ ni ti ọmọ rẹ ti wá. Nígbà mìíràn ó máa ń rìn nínú ìdílé, ọ̀pọ̀ ìgbà sì rèé, kò sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀. Ó ní kí Bàbá máa wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ wò lọ́dọọdún, kí ẹ̀yin náà má sì ṣe jẹ́ kí ọjọ́ tí dókítà bá dá fún Ọ̀gá Kékeré yẹ̀. Mo bi í nípa ọ̀já. Ó ní ọ̀já kò ní ṣe kíndìnrín ní nǹkan kan. Wọ́n yẹ èmi náà wò: méjì pé lára mi, má wulẹ̀ jowú.

Mo rò pé ẹ̀rín la máa rín délé. Nígbà tí a dé iwájú ṣọ́ọ̀bù aránbàtà, Bàbá dúró, wọ́n di ògiri mú, wọ́n ń sunkún. N kò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n ní, "Àṣé ọ̀dọ̀ mi lọmọ náà ti gbé e." Mo dì wọ́n mú, mo ní, "Bàbá, ta ló wá fún ẹ̀yin?"

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Wọ́n nu ojú, wọ́n ronú títí. Wọ́n ní bóyá ìyá àwọn ni, bóyá bàbá àwọn ni, ta ló mọ̀. Wọ́n ní ìyá àwọn pọ̀n àwọn títí ẹsẹ̀ àwọn fi ń wọ́ nílẹ̀, tí àwọn èèyàn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹyọ kan yìí náà ni mo gbé sẹ́yìn ìyá mi. Ẹ̀bi wo ni màá wá dá irú ìyá bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀bi wo la máa dá ìwọ náà, àbúrò mi?

Bá mi kí ọkọ rẹ. Sọ fún aládùúgbò yẹn pé mo kí òun àti omi yìnyín rẹ̀. Bàbá ń bọ̀ wá kí yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé àwọn ò fẹ́ bá ọmọ náà lórí bẹ́ẹ̀dì o, ẹ̀yìn rẹ ni àwọn fẹ́ bá a.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,

Àǹtí Ọlọ́ṣẹ.