Ilé Wa Tí Wọ́n Gbé Lọ sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé

Màmá mi,

Ẹ kú ooru Arizona o. Ara mi le. Látìgbà tí wọ́n ti fi ọkọ̀ ńlá gbé ilé wa kúrò lóko, kò ṣófo rí. Ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ti kàwé, tí wọ́n gbé wá síbí náà, ló múlé tì wá báyìí. Èmi ni mo ń mú àlejò wọ yàrá, lórí ìdúró, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Lánàá, mo ní kí n fìdí lé àga bàbá mi. Ọ̀gá wa obìnrin pariwo mọ́ mi: "Ẹ̀yin bàbá, Ọ̀gbẹ́ni Dwight! Ẹ ò rí okùn tá a ta síwájú ẹ̀ ni? A kì í jókòó síbẹ̀ mọ́ o!" Mo rẹ́rìn-ín, mo bẹ̀ ẹ́, mo dìde.

Àlejò kan bi mí pé, "Àwọn onílé ńkọ́?" Mo ní wọ́n ti lọ tipẹ́.

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi, Lavonne. Ẹ sọ fún un pé mò ń sinmi dáadáa.

Dwight yín