Ọ̀pá Ìfamu Mi Lẹ́nu Harka

Ìyá Hangma,

Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ dé, inú mi sì dùn. Ọmọ wa mà ti ga o! Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ. Omi inú ìgò tí oòrùn Doha ti sè la fi ń pa òùngbẹ níbí, kò burú rárá. Omi gbígbóná náà kúkú ni, bíi èyí tí à ń dà sórí jéró tó ti kan láti fi ṣe ọtí nílé; jéró yẹn nìkan ni kò sí nínú ẹ̀.

Mo rí Harka aládùúgbò wa lẹ́yìn ọmọ nínú fọ́tò náà, ó ń fi ọ̀pá fa ọtí jéró tí o pọn mu nínú ife onígi. Àlejò gbọ́dọ̀ mu, mi ò jà. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ọparun tó wà lẹ́nu ẹ̀, èmi ni mo gbẹ́ ẹ. Mo mọ àmì ọ̀bẹ mẹ́ta tó wà lára ẹ̀. Òkè ààrò ni mo há a sí kí n tó kúrò nílé. Tàlejò wà nínú agbọ̀n.

Nígbà tí mo pè ọ́, ẹ̀rín lò ń rín: "Bàbá Hangma, ṣé ọ̀pá lẹ tún wá ń jowú ẹ̀ ni? Òun lọwọ́ mi kọ́kọ́ bà!"

Ó dáa. Ọ̀gá ní ìsinmi mi di ọdún tó ń bọ̀. Ohun tó sọ lésìí náà nìyẹn.

Bá mi kí màmá mi. Kí Hangma. Kí Harka náà. Ẹ̀ẹ̀melòó lo da omi gbígbóná sí jéró fún un? Àlejò a máa dìde lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kejì. Onílé ló ń jókòó de ẹlẹ́ẹ̀kẹrin.

Èmi ni,
Baálé ilé.