Àga tí Ìyá Mi Ń Nà

                                        Ojúlé kẹsàn-án,
                                        Òpópónà Etí Odò.
                                        Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta.

Agùntáṣọọ́lò, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ tuntun yẹn ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ara tèmi le koko, iṣẹ́ káfíńtà sì ń lọ bó ṣe yẹ. Gbogbo ilé ń kí ọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo fẹ́ bá ọ sọ, torí ìwọ náà ti di bàbá, ojú ẹ máa tó rí nǹkan. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, ìwọ oníṣẹ́ igi kọ́ ni mo máa ṣẹ̀ṣẹ̀ pa òwe ìyẹn fún. O mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wa ni ìyá mi ń gbé báyìí. Bí Ọ̀gá Kékeré, ọmọ mi obìnrin, bá ti forí gbá àga, wọn á sáré dé, wọn á gbá àga náà létí: "Ìwọ lo ṣe ọmọ mi! Gba!" Ọmọ á rẹ́rìn-ín, ẹkún á tán. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kan àga yẹn o, àmọ́ ta ni màá fẹjọ́ sùn?

Àṣé ọmọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan, ọmọ nọ́ọ̀sì tó ń gbé lókè wa, ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí ọmọ mi ní, já àjákù pákó tó fi ń ṣeré gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀gá Kékeré fọ́ ọ létí, ó ní, "Gba!" Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ ẹ̀, ó ní àwọn ò wá mọ́. Láti ìgbà náà, ọmọ mi ò ṣeré mọ́, á kàn máa bèèrè ọ̀rẹ́ ẹ̀ ṣáá. Ó dùn mí wọra.

Ìyàwó mi ló rí ìdí ọ̀rọ̀. Ó ní bí nǹkan bá dun ọmọ yìí, kó na nǹkan míì nìkan la kọ́ ọ. La bá yí i padà. Bó bá ṣubú, a ó gbé e lé ẹsẹ̀: "Ó dùn ẹ́, àbí? Ẹ̀rù bà ẹ́?" A ó jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn. Bí inú bá ń bí i, kó fẹnu sọ ọ́, kó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ìyá mi yarí: "Àga ni mo nà títí ẹ fi dàgbà, èwo nínú yín ló ya wèrè?" Mo ní kò sí, ẹ ṣáà jẹ́ ká gbìyànjú ẹ̀. Èmi náà dara pọ̀. Bí mo bá fi òòlù gbá àtàǹpàkò mi, màá pariwo, "Inú ń bí mi!" Àwọn oníbàárà ti ń wò mí tìfura-tìfura.

Lánàá, lẹ́yìn tá a ti bẹ̀ ẹ́ bẹ̀ ẹ́, nọ́ọ̀sì mú ọmọ ẹ̀ wá. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó kọ̀, kò jókòó. Àwọn ọmọ ń fi àjákù pákó kọ́lé. Ká tó ṣẹ́jú, ọmọ nọ́ọ̀sì ti fẹsẹ̀ wó o. Ọ̀gá Kékeré nawọ́ sókè. Ìyá mi di ojú wọn. Ọmọ náà bá ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó figbe ta: "Inú ń bí mi! Ilé mi lo wó!" Omi lé ròrò lójú èkejì. Ó ní, "Mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Jẹ́ ká tún un kọ́." Wọ́n sì tún un kọ́, ó wọ́ ju tàkọ́kọ́ lọ.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, ọmọ nọ́ọ̀sì bú sẹ́kún pé òun ò lọ. Ìyá ẹ̀ lanu láti jágbe mọ́ ọn, ó kó ara ẹ̀ níjàánu. Ó wá lóṣòó níwájú ẹ̀, ó ní, "Ó dùn ẹ́ pé à ń lọ, àbí? A ó tún wá lọ́la." Inú mi dùn gan-an.

Bá mi kí ìyàwó ẹ, kí o sì bá mi gbá ọmọ tuntun mọ́ra. Jẹ́ kí n dúró níbí ná. Ẹnìkan ń kanlẹ̀kùn, nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn lọ́hùn-ún, ibi tọ́wọ́ ọmọdé ń dé.

Èmi ni, tìrẹ títí dọjọ́ alẹ́,
Kúkúrú-bí-ikú