Ẹ̀ka Tí Kò Dáhùn

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kẹfà

Ìgbín tún kú sọ́nà láàárọ̀ yìí. Orúkọ tí mo sọ ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì wa nìyẹn, èyí tó ń kó iye fóòmù ibùsùn tí gbogbo ẹ̀ka tà wá sójú kan. Ó yí, ó yí, ó ní àsìkò ti tán. Ti oṣù tó kọjá ni Ọ̀gá ṣì ń wò. Wọ́n ní bí kò bá yá dọ́jọ́ Ẹtì, kí n di ẹrù mi.

Iléeṣẹ́ yìí kan náà lèmi àti Aláfẹ́ ọkọ mi ń jẹ lára ẹ̀. Olórí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka náà lòun. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10

Àṣé àwọn alábòójútó ni! Kí Ọ̀gá tó wọlé fún àdúrà òwúrọ̀, olúkúlùkù ti ń tẹ bọ́tìnnì tó ń rán Ìgbín níṣẹ́, kí Ọ̀gá lè rí i pé òṣìṣẹ́ lòun. Gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà — ọ̀nà tóóró, èrò rẹpẹtẹ. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jáwọ́. Akápò ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n pe òun lọ́lẹ ni.

Ọjọ́rú, 11

Wọ́n jáwọ́. Ìgbín rìn díẹ̀, ó tún kú. Ẹ̀ka kan ló ń dá a dúró: ó ń pè é, kò jẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan. Ti Aláfẹ́ ni mo fò. Mo kàn bi í nígbà tó ń tú táì. "Ìyàwó mi, kọ̀ǹpútà wa ò níṣòro. Ọjà ń lọ wìtìwìtì." Ta ló ń yẹ ọkọ ẹ̀ wò?

Ọjọ́bọ̀, 12

Gbogbo ẹ̀ka dáhùn, àfi ti Aláfẹ́. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Mo lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án. Àgádágodo. Mo yọjú lójú fèrèsé: fóòmù wú bí búrẹ́dì inú tíì, ẹrẹ̀ bo kọ̀ǹpútà. Télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ní, "Àǹtí, òjò ìparí oṣù tó kọjá ló ya wọlé. Wọn ò gbé fóòmù sórí pákó bí iléeṣẹ́ ṣe máa ń ní kí wọ́n gbé e. Látìgbà yẹn, a ò rí wọn mọ́."

Ojoojúmọ́ ni mo ń bá ọkọ mi lọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ ẹ̀. Níbo ló ń wọ̀ ọ́ lọ?

Ó wọlé nírọ̀lẹ́. "Ọjà tà lónìí, a dúpẹ́." Mo gbé oúnjẹ fún un. Mi ò lè bi í. Àánú ẹ̀ ń ṣe mí, inú sì ń bí mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 13

Mo yọ ẹ̀ka rẹ̀ kúrò lọ́nà, mo tẹ bọ́tìnnì. Ìgbín dé! Gbogbo ẹ̀ka yọ. Ààyè tiẹ̀ ṣófo. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọ̀gá ní mi ò lọ síbì kankan mọ́. Wọ́n wá nawọ́ sí ibi tó ṣófo: "Ti ọkọ ẹ ńkọ́?"

Wọ́n ní kí n pè é, kí gbogbo wa gbọ́. Mo gbàdúrà kó má gbé e. Ó gbé e. "Ìyàwó mi, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Kọsítọ́mà ò jẹ́ kí n mí!"

Inú Ọ̀gá dùn. Wọ́n ní ká jọ lọ báyìí, ká lọ bá a tún kọ̀ǹpútà ẹ̀ ṣe. Wọ́n ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wọn bí mo ṣe ń kọ èyí.